Ọ̀nà Orí Òkè Tí Mọ́tò Ti Ń Sáré

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ẹni tó bá gbé nǹkan ka iná, kó lọ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kó tó wá jókòó, nítorí ọ̀nà tí mo fẹ́ mú yín gbà jìn, n kò sì ní í kánjú lójú ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ di fóònù mú, ẹ dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹnìkan bá bi yín pé báwo ni èèyàn ṣe ń ti pápákọ̀ òfurufú tó wà ní Queens dé pápá ìsáré mọ́tò tí òkìkí rẹ̀ kàn káyé, èyí tó wà lórí òkè lẹ́bàá adágún gígùn nì, lápá òkè ìpínlẹ̀ New York, ẹ sọ fún un pé kò le. Kó jáde ní pápákọ̀, kó la Queens já sí Bronx, kó gba orí afárá ńlá tó ré Hudson kọjá, kó wọ ọ̀nà 80, kó sì kọ ẹ̀yìn sí oòrùn òwúrọ̀. Nígbà tó bá rí ibi tí odò ti la òkè sí méjì, ó ti wọ Pennsylvania nìyẹn. Kó yà sí 380, kó ti ibẹ̀ bọ́ sí 81 lọ sí àríwá, títí dé Binghamton, kó wá yà sọ́wọ́ òsì sí 17. Lẹ́yìn ìyẹn, òkè ni, oko ni, màlúù ni, títí adágún yóò fi yọ sí i. Èmi tí mo fi ọjọ́ ayé mi wa táásì nílùú yìí, mo lè dijú kí n sọ ọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí mo gba ọ̀nà náà, ó dà bíi pé àwọn kan ń fà á gùn níwájú mi.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló wà lórí ibùsùn nígbà náà. Abẹ́òkúta la ti jọ wá. Mariners Harbor lórí erékùṣù Staten Island la jọ ń gbé, òun lókè, èmi nísàlẹ̀ rẹ̀, débi pé bó bá ń ṣe àlùwàlá fún àdúrà àfẹ̀mọ́júmọ́, ìró omi rẹ̀ ló ń jí mi. Táásì la jọ wà títí orúnkún fi ní ó tó gẹ́ẹ́. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló mú un. Ó ti pẹ́ lára rẹ̀ kí a tó mọ̀, nítorí ọkùnrin tí kì í sọ pé nǹkan ń dun òun ni. Nígbà tí ojú rẹ̀ pọ́n bí epo, a gbé e lọ sí ọsibítù. Kò pẹ́ tí dókítà fi pe ìyàwó rẹ̀ sí kọ̀rọ̀, tó ní kí ẹni tó bá fẹ́ rí i tètè máa bọ̀.

Iyè rẹ̀ pé. Ohùn rẹ̀ ló ti kéré. Gbogbo ìgbà tí ilẹ̀kùn yàrá náà bá ṣí, yóò gbé orí sókè láti orí ìrọ̀rí, yóò ní, "Ó ti dé?" Nọ́ọ̀sì ni. Tàbí èmi ni. Tàbí ìyàwó rẹ̀ tó lọ bu omi gbígbóná. Yóò gbé orí padà sílẹ̀. Kò sí ohun mìíràn tó ń béèrè mọ́, kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe oògùn. Ọmọ rẹ̀ ló ń béèrè.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, orí erékùṣù wa yìí náà ni wọ́n bí i sí. Bàbá fẹ́ kó ṣe apòògùn, ọmọ ní mọ́tò lòun fẹ́. Wọ́n jà sí i fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ rọ̀. Ọmọ náà di ara àwọn tó ń pààrọ̀ táyà fún àwọn asáré mọ́tò, tí wọ́n ń bá ìdíje kiri gbogbo Amẹ́ríkà. Kí bàbá tó dùbúlẹ̀, kò sí awakọ̀ kan ní ibùdókọ̀ wa tí kò tíì fi fídíò hàn, bí ọmọ òun ṣe ń yọ táyà, tó ń wọ òmíràn, kí ẹ tó sín tán. Inú rẹ̀ ń dùn tó fi ń bẹ̀rẹ̀ fídíò náà láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ẹnìkan bá ṣẹ́jú.

Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló pe ọmọ náà lórí fóònù. Nínú yàrá ọsibítù ló ti pè é, ọkọ rẹ̀ wà lórí ibùsùn, àwa àgbà tó kù jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Gbogbo wa la gbọ́ ohun tó sọ, kò sì sí ẹni tó rí àléébù nínú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá rẹ ń béèrè rẹ. Ara rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le. Bí o bá ráyè, kí o yà wá kí i."

Ẹ̀yin tí wọ́n bí nílé, ẹ gbọ́ ọ. Ẹni tí wọ́n bá fi irú ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí ní Abẹ́òkúta kò ní í dúró wá bàtà. A kì í la irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀, pàápàá nígbà tí ẹni tó ń ṣàìsàn wà níbẹ̀ tó ń gbọ́. A ó pọ́n ọn lé, a ó dì í bí ẹ̀kọ, ẹni tó ni í yóò sì tú u fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó gba fóònù náà, ewé nìkan ló rí. Ó ní kí wọ́n bá òun kí Dádì, ó ní ìdíje ńlá wà lópin ọ̀sẹ̀, òun á dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Ó tún ní kí wọ́n rí i pé Dádì ń mu omi dáadáa.

Ìyá rẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Ó ń bọ̀." Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo wa rò pé ọmọ náà ti wà lọ́nà.

Ilẹ̀ mọ́, a kò rí i, ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ wá sọ ti Mọ́ńdè fún wa. A pè é, fóònù kò lọ. Ọ̀gá wọn a máa gba fóònù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ nígbà ìdíje, kí ọkàn wọn má bàa pín. Ìyá rẹ̀ wá nọ́ńbà pápá ìsáré náà, obìnrin kan gbé e, ó ní ẹgbẹ́ wo ni ọmọ wọn ń bá ṣiṣẹ́. Ìyá kò mọ̀. Ó ní àwọn tó ń pààrọ̀ táyà ni. Obìnrin náà ní, ìyá mi, wọ́n pọ̀ lọ bí eṣú níbí, àmọ́ a ó kéde rẹ̀. Bóyá wọ́n kéde rẹ̀, bóyá wọn kò kéde rẹ̀, ariwo mọ́tò ló gbé e mì.

Òwúrọ̀ yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi, obìnrin, ń balẹ̀ láti ilé. Àwọn ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ìyá wọn, wọ́n sì dàgbà ju èmi náà lọ. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè wọ́n, ohun tí n ó sì máa pè wọ́n nínú ìtàn yìí náà nìyẹn. Èmi ni wọ́n rán lọ pàdé wọn. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn tó ń dé, mo rí wọn tí ọ̀dọ́kùnrin ará Jàmáíkà kan ń fi àga onítáyà tì wọ́n bọ̀, wọ́n fi ìborùn wé orí, wọ́n ká ọwọ́ jọ bí aláìlera. Bí wọ́n ti rí mi báyìí, wọ́n dìde, wọ́n gba àpò wọn, wọ́n ń rìn bọ̀. Ọ̀dọ́kùnrin náà wo àga, ó wo Ẹ̀gbọ́n, ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń ṣiṣẹ́ níbí, ojoojúmọ́ lòun ń rí iṣẹ́ ìyanu lára àwọn ará Nàìjíríà. Mo túmọ̀ rẹ̀ fún wọn. Wọ́n ní kí n sọ fún un pé ìlà àwọn oníwèé ìrìnnà ló gùn, kì í ṣe ẹsẹ̀ àwọn ló kúrú.

Ẹ̀rín náà kò bá wa dé ìdí ọkọ̀. Wọ́n bi mí bí àbúrò wọn ṣe wà. Mo ní a dúpẹ́, ó ń retí yín. Wọ́n wo ojú mi. Wọ́n ní ọmọ ńkọ́? Mo ní ọmọ ní ó di Mọ́ńdè.

Wọ́n di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú, wọn kò wọlé. "Ta ló bá a sọ̀rọ̀? Kí ló sì sọ?"

Mo rò ó fún wọn bí ìyá rẹ̀ ti sọ ọ́. Wọ́n mi orí.

"Ọmọ tí ẹ bí síbí, ẹ fi ọ̀rọ̀ Abẹ́òkúta ránṣẹ́ sí i. Ibo ni ibi ìsáré yìí wà?"

Mo ní ó jìnnà, bí ẹni ń ti Èkó lọ sí Jẹ́bà. Wọ́n wọ inú ọkọ̀, wọ́n fa bẹ́líìtì, wọ́n ní kí n dorí ọkọ̀ kọ ibẹ̀. Mo rọra rán wọn létí pé àbúrò wọn wà ní Staten Island, pé dókítà ti sọ̀rọ̀, pé bí a bá forí lé òkè yẹn, a lè má bá a mọ́ nígbà tí a bá dé. Òkun àti òfurufú ni wọ́n là kọjá láti wá rí ojú rẹ̀.

"Èmi kọ́ ló ń béèrè," ni wọ́n wí.

Mo tan ọkọ̀.

Bronx dì wá mọ́lẹ̀ fúngbà pípẹ́. Àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wà lápá ọ̀tún, lápá òsì, wọ́n ga, a kò rí ọ̀run. Mo ti tẹ ọ̀nà náà sínú fóònù, obìnrin inú rẹ̀ sì ń darí wa. Ẹ̀gbọ́n fetí sí i títí, wọ́n ní, "Ta ló bí eléyìí? Kò kí wa, kò ní ẹ jọ̀ọ́, ṣáṣá ló ń pàṣẹ fún àgbàlagbà." Mo ní ẹ̀rọ ni. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ṣáà ní ẹni tó kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà mo rí i nínú dígí pé ètè wọn ń mì, wọ́n ń ka nǹkan sórí tẹ̀síbáà.

Orí afárá Hudson ni ìpè àkọ́kọ́ ti wọlé. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ni. Mo sọ ibi tí a dorí kọ fún un. Ó ní kò burú. Mo ní báwo ni ara rẹ̀. Ó ní ó sùn díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n na ọrùn láti ẹ̀yìn, wọ́n ní kí ló wí. Mo ní ó ní ó sùn díẹ̀. Àwa méjèèjì ló mọ bí "ó sùn díẹ̀" ṣe wúwo tó.

Láti ibẹ̀ ni ọ̀nà kan ṣoṣo ti ṣẹ́ kù lójú mi. Mo ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ, èmi tí wọn kò mú rí nígbà tí mo ń fi ọkọ̀ jẹun. Òkè New Jersey kọjá, odò tó la òkè sí méjì kọjá. Ẹ̀gbọ́n ń béèrè pé ó kù tó báwo. Mo ní ó kù díẹ̀. Nígbà tó yá wọ́n ní irú ìsáré wo gan-an ni àwọn èèyàn yìí ń sá. Mo ṣàlàyé pé wọ́n ń yí po lójú títì kan ni.

"Wọ́n á sáré títí, wọ́n á sì padà síbi tí wọ́n ti gbéra?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Àwọn èèyàn á sì sanwó wá wò wọ́n?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n pọ̀.

"Ìwọ àti àbúrò mi ti ń ṣe é láti ìgbà èwe yín nínú ìlú yìí, kò sì sẹ́ni tó wá wò yín."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n fóònù tún dún. Ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ní, ó jí, ó tún béèrè. Mo ní kó sọ fún un pé a ti ń lọ mú ọmọ rẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ gé. Òkè ti yí wa ká, kò sí nẹ́tíwọ̀kì mọ́. Obìnrin inú fóònù náà dákẹ́. Nígbà tí mo gbé ojú sókè, a ti kọjá ibi tó yẹ kí a yà sí 380, a ń gba inú igbó tí n kò mọ̀ lọ.

Ó yẹ kí n rántí ohun tí mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti pòrúurùu, gbogbo pátákó ojú ọ̀nà ló dà bí èdè àjèjì. Mo ní kí n máa lọ, ó lè tún yọ níwájú. Ẹ̀gbọ́n ní, "Abéèrè kì í ṣìnà. Dúró." Mo dúró ní ilé epo kan. Òyìnbó àgbàlagbà kan ń rọ epo sínú ọkọ̀ akẹ́rù kékeré, ó dé fìlà tí wọ́n ya àgbọ̀nrín sí. Ẹ̀gbọ́n ti bọ́ sílẹ̀ kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n ń bá a sọ, wọ́n ń nawọ́ sí ọ̀nà. Mo dé, mo sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní a kò ṣìnà, a kàn fà á gùn ni, kí a máa tẹ̀lé 80 yìí lọ, a óò bá 81 pàdé níwájú. Ẹ̀gbọ́n ṣàdúrà fún un pé ọmọ rẹ̀ ni yóò gbẹ̀yìn rẹ̀. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣí fìlà.

N kò ní í fi ìyókù ọ̀nà náà dá yín lágara. Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí adágún yọ sísàlẹ̀. Ìlú kékeré tó wà létí rẹ̀ kún àkúnya, wọ́n pàgọ́ sí oko, wọ́n ń sun ẹran, àwọn ọmọdé gun èjìká bàbá wọn. Gbogbo ọkọ̀ tó ń gun òkè náà ń rìn bí ìgbín. Ariwo ni a kọ́kọ́ gbọ́ kí a tó rí nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n ní kí ló ń ké báyìí. Mo ní mọ́tò ni. Wọ́n fi ìborùn dí etí.

Lẹ́nu géètì, ọmọbìnrin kan ní kí n mú tíkẹ́ẹ̀tì wá. Mo sọ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì pé bàbá ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ yín ń kú lọ, a wá mú un ni. Ó jáde lẹ́nu mi wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ iye owó ọkọ̀ fún èrò. Lẹ́yìn tí mo sọ ọ́ tán ni mo wá rí i pé n kò tíì sọ ọ́ ní Yorùbá sí etí ẹnikẹ́ni, kódà n kò tíì sọ ọ́ sí ara mi. Ọmọbìnrin náà kò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì mọ́. Ó pe ọkùnrin kan, ọkùnrin náà fi ọkọ̀ kékeré tí kò ní ilẹ̀kùn gbé wa gba ẹ̀yìn lọ sí àgbàlá àwọn tó ń tún mọ́tò ṣe.

Ẹ wò ó, kò sí ojú níbẹ̀. Gbogbo wọn wọ aṣọ kan náà láti ọrùn dé ẹsẹ̀, wọ́n dé akoto, wọ́n fi nǹkan bo etí. Ọkọ̀ kan yóò ya wọlé bí ìbọn, wọn yóò ya bò ó, yóò tún jáde lọ. Ọkùnrin tó gbé wa ń lọ láti ẹgbẹ́ dé ẹgbẹ́, ó ń béèrè. Mo ń wò, n kò lè dá ọmọ tí mo gbé sórí itan mọ̀. Ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ pé fọ́tò nìkan ni wọ́n fi ń rí i láti bí ọdún mélòó kan, àwọn ló nàka. Ẹnìkan ń yí táyà bọ̀ lókèèrè, ó ń ju ẹsẹ̀ ọ̀tún síta díẹ̀.

"Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ nìyẹn."

Òun ni. Ó bọ́ akoto, ó rí wa, ẹnu yà á. Ó fi táyà ti ògiri, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kankéré, nínú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dúró, wọ́n rò pé ó ṣubú ni. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n ní kó dìde. Ó ní ẹ káàbọ̀, Màmá Àgbà, ìgbà wo lẹ dé, báwo lẹ ṣe mọ ibí. Yorùbá rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí pákó, ṣùgbọ́n ó pé.

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ bí a ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kí i kú iṣẹ́. Wọ́n kí i kú òógùn ojú. Wọ́n ní bàbá rẹ ní kí o wá. Ọmọ náà ní òun ti bá Mummy sọ ọ́, Mọ́ńdè lòun ń bọ̀. Ó ń wo ẹ̀yìn, ọ̀gá rẹ̀ ń juwọ́ sí i, ọkọ̀ wọn ti ń bọ̀ wá gba táyà. Ẹ̀gbọ́n ní bàbá rẹ ń retí rẹ gidigidi. Ó ní òun mọ̀, Màmá Àgbà, ẹ jókòó síbí, a máa parí láìpẹ́. Ó ti ń dé akoto padà.

Mo rí Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n gbé ọwọ́ sókè, tí wọ́n di akoto náà mú.

"Gbọ́ mi. Mo fẹ́ sọ ohun tí a kì í sọ. Bàbá rẹ ń kú lọ. Kì í ṣe pé ara rẹ̀ kò le. Ikú ni. Bí a bá lọ nísinsìnyí, bóyá a óò bá a."

Ó wo èmi. Mo tẹ orí ba.

"Kí ló dé tí Mummy ò sọ ọ́?" Ojú rẹ̀ ti yí padà. "Mummy ní ó ń béèrè mi. Ó ní bí mo bá ráyè."

"Ohun tó sọ náà nìyẹn, ọmọ mi."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n lé orí táyà. Kò dágbére fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀gá rẹ̀ ń pariwo orúkọ rẹ̀ tẹ̀lé wa títí ariwo mọ́tò fi bo ti ẹ̀.

Òun ló wa ọkọ̀ mi padà. Èmi jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n wà lẹ́yìn. Mo ti wakọ̀ láyé mi, ṣùgbọ́n mo di ilẹ̀kùn mú lọ́jọ́ náà. Mo ń sọ fún un pé kó yára, kó gba ọwọ́ òsì, kó kọjá eléyìí. Ẹ̀gbọ́n ń béèrè pé ó kù tó báwo. Nígbà tí a wọ 81, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó ní òun á fá irùngbọ̀n fún Dádì, nítorí òun mọ̀ pé àwọn nọ́ọ̀sì ò ní í fá a bó ṣe fẹ́. Ó ní òun rí ọkọ̀ kan níbi ìdíje náà, irú èyí tí Dádì kọ́kọ́ fi ṣe táásì, òun á ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un.

A ń bọ̀ nítòsí Scranton nígbà tí nẹ́tíwọ̀kì padà. Fóònù dún lọ́wọ́ mi. Mo fi í sétí. Ohùn ìyàwó ọ̀rẹ́ mi tutù. Ó ní ṣé a ti rí ọmọ. Mo ní a ti rí i, òun ló ń wakọ̀. Ó ní Ọlọ́run ṣeun. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ sọ fún un kó rọra wakọ̀. Kò sí kánjúkánjú mọ́. Ẹ rọra máa bọ̀."

Mo ní ó dáa.

Ọmọ náà ní kí ni Mummy sọ. Mo ní ó ní kí o rọra. Ó ní kí n sọ fún un pé òun ń fara balẹ̀, ó sì tẹ iná ọkọ̀ sí i. N kò bojú wẹ̀yìn. Nínú dígí, mo rí Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n ti ki etí ìborùn bọ ẹnu, wọ́n ń jẹ ẹ́, omi ń bọ́ lójú wọn láìsí ìró kankan. A kì í túfọ̀ fún ẹni tó wà nídìí ọkọ̀. Ẹ̀mí mẹ́ta wà nínú ọkọ̀ náà, ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wọn wà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe gbé òkú bàbá rẹ̀ rìn láàárín wa, òkè lẹ́yìn òkè, tí ọmọ náà ń sọ fún wa ohun tí yóò bá a sọ, tí mo sì ń dá a lóhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, inú rẹ̀ á dùn.

N kò mọ irú ìyà tó ju ìyẹn lọ.

Nítòsí Newark, ọ̀nà dì. Ó gbá ọwọ́ mọ́ sítíárìn, ó ń na ọrùn, ó ń wá àyè tó lè gbà. Ó yà sápá kan, ó tún yà padà. Nígbà tó ṣe, ó dáwọ́ àyè wíwá dúró. Ó wò mí. Ojú mi wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó wo dígí. Ó ti pẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ti béèrè kẹ́yìn pé ó kù tó báwo. Ọkọ̀ tó wà níwájú wa ṣí lọ, àyè ṣí sílẹ̀, kò sún sínú rẹ̀.

"Ọ́ńkù," ó ní. "Ẹ ò ní kí n yára mọ́."

Mo dojú fóònù bolẹ̀ lórí itan mi.

"Láti Scranton, ẹ ò ní kí n yára mọ́. Màmá Àgbà náà ò béèrè nǹkan kan mọ́."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́ láti ẹ̀yìn, wọ́n fi lé e lọ́rùn. Wọ́n ní, "Wa ọkọ̀ rẹ, ọmọ mi. Rọra wà á."

Ó tan iná tí a fi ń yà, ó bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí àwọn akẹ́rù ń gbà. Gbogbo ọkọ̀ tí a ti yà sílẹ̀ láti òkè wá ń yà wá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe wà á nìyẹn títí a fi gun afárá tó wọ erékùṣù wa, tí oòrùn sì ń wọ̀ sẹ́yìn wa.

Ìyá rẹ̀ sọ fún wa pé ìgbà ìkẹyìn tí ilẹ̀kùn ṣí, ọkọ òun gbé orí sókè, ó béèrè bó ti ń béèrè. Òun sì sọ fún un, láì tíì gbọ́ ọ lẹ́nu wa, pé wọ́n ti rí i, ó ti wà lọ́nà. Ó ní ọkọ òun dẹtí sílẹ̀, bí ẹni ń retí ìró ọkọ̀ lójúlé.

Ọmọ náà wà lára àwọn tó wẹ bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Òun ló fá irùngbọ̀n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí wọ́n ká aṣọ kúrò lójú rẹ̀ kí àwọn lè rí i díẹ̀, wọ́n sì wò ó bí ẹni tó ń ka ìwé.

Nígbà tó yá, àlùfáà jókòó, ó pín ohun tí ọ̀rẹ́ mi fi sílẹ̀ bí ìwé Kùránì ti wí. Ilé tí kò tíì kọjá òrùlé ní Abẹ́òkúta, ọmọ ló kó ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ìyàwó sì ní tirẹ̀. Ìwé kò fún ẹ̀gbọ́n ní nǹkan kan níwọ̀n ìgbà tí ọmọkùnrin bá wà, ṣùgbọ́n ọmọ náà ní kí Màmá Àgbà mú ohun tó bá wù wọ́n. Búúta àlùwàlá rẹ̀ ni wọ́n mú, wọ́n fi aṣọ wé e, wọ́n gbé e sórí ẹsẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú padà sílé. Ìyàwó rẹ̀ jogún yàrá méjì àti ìdákẹ́jẹ́ tó wà nínú wọn. Ó tún ní nọ́ńbà ọ̀gá àwọn apààrọ̀ táyà, èyí tí wọn kì í pa, ọmọ rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara firíjì fún un. Kò tíì pè é rí.

Èmi, ìwé kò dárúkọ mi. Ṣùgbọ́n àyè ọ̀rẹ́ mi nínú mọ́sálásí wa ní Stapleton, ní ìlà kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, èmi ni wọ́n ní kí n máa dúró sí. Ó dára fún orúnkún.